Òkú Tó Jẹ́rìí ní Pálọ̀ Màámi

Màámi ò gbà pé adájọ́ orí tẹlifíṣọ̀n mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ìkòkorè sì ti balẹ̀ sínú oníkálukú, òun àti àwọn ìyá ìjọ mélòó kan á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ojówò, wọ́n á kọjú sí tẹlifíṣọ̀n bí ẹni kọjú sí pẹpẹ, Màámi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá adájọ́ lẹ́jọ́.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń fi òòlù gbá tábìlì," á ní. "Ta ló bá a jà? Adájọ́ tó dá ẹjọ́ tèmi, bó bá fẹ́ kí ẹ dákẹ́, gíláàsì ojú rẹ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀. Gbogbo kóòtù á pa lọ́lọ́."

Àwọn ìyá á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ kóòtù. Èmi ni Tíṣà yẹn. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. N óò jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ mi sì ni láti máa yọ wọ́n lẹ́nu, kí n máa bi wọ́n léèrè bóyá òkú náà máa ń san owó ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ ní kóòtù.

Torí pé òkú ló kún inú eré náà. Lọ́yà obìnrin kan ni, ó já sí kànga nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n yọ ọ́, láti ọjọ́ náà ló ti ń rí àwọn tó ti kú. Wọ́n á wá jókòó sí ẹ̀yìn kóòtù pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sin wọ́n, òun nìkan ló ń rí wọn, wọ́n á sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún un. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí adájọ́ tó máa kọ ọ̀rọ̀ òkú sílẹ̀. Ó ní láti wá ẹ̀rí tí ọwọ́ alààyè lè gbá mú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, Màámi máa ń bá àwọn ìyá jà pé àwọn yẹn kì í ṣe àkúdàáyà o. Àkúdàáyà, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa ń lọ, á tún fẹ́yàwó níbẹ̀. "Eléyìí kàn wá jẹ́rìí ni, ó ń padà lọ."

Tí eré bá parí, tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, gbogbo wọn á dákẹ́ dúró de orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin ni, àbígbẹ̀yìn Màámi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ṣíṣe ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ó sì tún ń kọ̀wé fún tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ náà kì í pẹ́ lójú, ṣùgbọ́n Màámi á ti pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá á ní ògo fún Ọlọ́run. Èmi, mo máa ń fọwọ́ lásán ya máàpù gbogbo ayé sójú pátákó, láti Àmẹ́ríkà dé Jàpáàn. Ẹnikẹ́ni ò tíì pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Kì í dùn mí. Mo ní nǹkan kan tí àbúrò mi ò ní.

Ìbíadé, létí omi, ni wọ́n bí Màámi sí, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Nígbà tí bàbá náà kú, ará ilé kejì fẹ ilẹ̀ tirẹ̀ wọ inú ilẹ̀ wọn, títí dé ebúté tí wọ́n ti ń so ọkọ̀. Pèrègún ni wọ́n fi ń sàmì ààlà níbẹ̀, torí kì í tètè kú. O gé e lónìí, ó tún hù lọ́la. Ọkùnrin náà hú ti àtijọ́, ó gbin tirẹ̀ sínú ilẹ̀ wa, ó sì mú sùúrù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa fi dé kóòtù ìbílẹ̀, pèrègún tirẹ̀ ti ga ju ènìyàn lọ, kò sì sí alààyè kankan tó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ti àtijọ́ wà. Màámi gbé Bíbélì, ó búra. Kóòtù bá a dé orí ilẹ̀. Ó rìn lọ tààrà sí ìdí kókò kan níbẹ̀, ó ki igi bọlẹ̀, ó ní ibí ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá gbòǹgbò pèrègún àtijọ́ tó ṣẹ́kù sínú ilẹ̀. Adájọ́ bi í pé ta ló fi hàn án. Ó ní, "Bàbá mi ni." Wọ́n dá a láre.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Èyí tó kù, èmi ni Màámi sọ ọ́ fún, ní ilé ìdáná, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ó ní òótọ́ ni, bàbá òun ló fi hàn òun. Ṣùgbọ́n ó ti kú nígbà yẹn. Òun ń yan ẹja lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan, òun rí i tó ń ti ojú omi gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Kò wí nǹkan kan. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó dúró sí ìdí kókò yẹn, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Òun ṣẹ́jú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ẹsẹ̀ tútù nìkan ló kù lórí yanrìn.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún," Màámi ní. "Bí o bá jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ, wọ́n á ní mo fi Bíbélì búra èké."

Èmi tí ẹnu mi kì í dí! Mo lè fi ìtàn ẹyọ ewúrẹ́ kan dá gbogbo àwọn tíṣà dúró títí aago á fi lù. Ṣùgbọ́n èyí, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Bí wọ́n bá ń yin àbúrò mi, n óò kàn rántí ẹsẹ̀ tútù yẹn, n óò rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní: ẹ máa pàtẹ́wọ́ lọ.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan. Eré bẹ̀rẹ̀, etí omi ló gbé jáde, obìnrin kan ń yan ẹja lórí wáyà.

"Ẹ wò ó, bíi ọ̀dọ̀ wa!" Màámi ní, inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn náà ni pèrègún jáde. Ìtò pèrègún, ó ga, àti ọkùnrin oníkùn ńlá kan tó ń wò ó tó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Mo rí i tí ọwọ́ Màámi dúró lórí abẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, ará odò bíi tirẹ̀, ló kọ́kọ́ ké.

"Ìyá Tíṣà! Ẹjọ́ yín mà nìyí!"

"Ẹjọ́ ilẹ̀ pọ̀," Màámi ní.

Òkú náà sì ń bọ̀ láti ojú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mo ń retí kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń yan ẹja náà bó ṣe kọjá nínú ìtàn tí mo mọ̀. Kò kọjá. Ó dúró níwájú rẹ̀; lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe lọ́yà nìkan ló ń rí òkú. Ó ní, "Ìyá mi." Bàbá ń pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ó ní, "Ìyá mi, èmi ni mo mú ọ kúrò nílé-ìwé, mo fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rọ́pò rẹ. Má bínú sí mi." Bàbá arúgbó náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó bí, lórí yanrìn, láàárín èéfín ẹja.

Àwọn ìyá kígbe. Èmi, mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní àbúrò mi ti bu iyọ̀ sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ni mo bá wo ojú Màámi. Ètè rẹ̀ ń mì. "Má bínú sí mi" ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu òṣèré.

Kì í ṣe iyọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, èmi ni wọn ò sọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n eré ò dúró de èmi. Wọ́n ti dé kóòtù. Lọ́yà ọkùnrin oníkùn náà dìde, ó bi obìnrin náà ní ìbéèrè tí adájọ́ Màámi ò bi í: "Ìgbà wo ni bàbá yín fi hàn yín?" Obìnrin náà wo ẹ̀yìn kóòtù níbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Ó ní, "Ó ti kú nígbà náà." Kóòtù rú. Lọ́yà náà nàka sí i: "Ẹlẹ́rìí èké!" Ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún orúkọ kankan lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá rántí lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn gbé nǹkan kaná. Èyí tó jẹ́ ará odò di ọwọ́ Màámi mú, ó ní, "Àwa mọ̀ yín o," èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti ń rò ó.

Nígbà tó ku àwa méjì, Màámi pa tẹlifíṣọ̀n.

"Tíṣà."

"Mà."

"O sọ ọ́ fún àbúrò rẹ."

"Èmi kẹ̀? Màámi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o!"

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún." Ojú rẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. "Mo mọ̀ pé ẹnu rẹ ò lè gbà á. Dìde, máa lọ sílé rẹ."

Mo pe àbúrò mi kí n tó dé ẹnu géètì. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti jókòó ti fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Màámi ni. Nígbà tí mo ń wọ yunifásítì. Wọ́n ní èmi nìkan ni àwọn sọ fún, kí n má sọ fún yín pàápàá."

Mo jókòó sórí bíríkì kan. Mo bi í bóyá ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ Màámi kó tó gbé e sí eré. Ó ní òun yí i padà, òun sọ adájọ́ di obìnrin, òun ò dárúkọ ìlú. Ó ní ibi tó dára jù nínú gbogbo ohun tí òun kọ rí nìyẹn, kò sí bí òun ṣe lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo ní èmi ni Màámi dá lẹ́bi, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì rí bẹ́ẹ̀ ná. Tí Màámi bá gbọ́ pé èmi ni, wọn ò ní lè sùn. Ẹ̀yin, wọ́n mọ̀ yín. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á dárí jì yín."

Ẹ gbọ́ o. Wọ́n á dárí jì mí fún ohun tí mi ò ṣe. Mo ní, "Ìwọ, ọmọ yìí, o ya ọ̀dájú." Ó ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì ń sunkún gidi, kì í ṣe ti tíátà.

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ìdí. Bóyá mo rò pé Màámi fúnra rẹ̀ á rántí ẹni tí òun sọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn fún. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ń kọjá. Mo fi iṣu ránṣẹ́ sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Mo lọ kí i, ó ní òun ń sùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbọ́ tó ń kọrin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá ti ń sún mọ́ ibi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sí, á ní, "Ẹ rọra o, rédíò ti dé," gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni n óò ṣe? Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ wọn láti máa rẹ́rìn-ín sí mi.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ó ń rin iṣu ewùrà. Mi ò kí i dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ta lẹ sọ fún pé bàbá yín dọ̀bálẹ̀?"

Ó ń rin iṣu rẹ̀ lọ.

"Torí èmi, ẹ ní kò sọ̀rọ̀. Ẹ ní ó kàn kọjá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò sọ fún mi, báwo ni mo ṣe sọ ọ́ fún ẹlòmíràn?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rí i pé kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ó ti mọ̀. Bóyá láti ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìwọ," ó ní, "o ò bá fi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Màámi!"

"O ò bá fi ṣe é. O ò bá dìde ní ibi ìkórè, kí o dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí bàbá mi ṣe dọ̀bálẹ̀, kí gbogbo ìjọ máa rẹ́rìn-ín. Mo bí ọ, mo mọ̀ ọ́. Mo sọ èyí tí ẹnu rẹ lè gbé fún ọ."

Ẹ wò ó, mo fẹ́ jà. Ṣùgbọ́n mo wo ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mi ò rí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo tí mi ò wá ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, láti ìbẹ̀rẹ̀, n óò kàn jókòó. Ó gbé iṣu rẹ̀.

"Máa lọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n," ó ní.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ìròyìn dé láti Ìbíadé pé ọmọ ọkùnrin tó fẹ́ gba ilẹ̀ yẹn, tí òun náà ti darúgbó báyìí, fẹ́ rí wa. Màámi ní àwa ọmọ òun méjèèjì la máa sin òun lọ. Mo wa ọkọ̀. Òun àti àbúrò mi jókòó sẹ́yìn, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wo Màámi nínú dígí, mo ń sọ lọ́kàn mi pé tó bá kan ìgbà tí wọ́n máa bi í léèrè ẹni tó sọ ọ́, kó kàn sọ òótọ́. Mi ò fẹ́ ju ìyẹn lọ. Kó sọ pé kì í ṣe Tíṣà.

Wọ́n tẹ́ àga sí etí ebúté. Bàbá náà kí wa dáadáa, wọ́n fún wa ní omi mu, ó wá bi Màámi bóyá òótọ́ ni ohun tí àwọn rí nínú eré. Màámi dìde dúró.

"Òótọ́ ni. Bàbá mi ló fi hàn mí, ó sì ti kú. Mi ò purọ́ fún kóòtù. Wọn ò bi mí pé ìgbà wo."

Mo rò pé ariwo máa ta. Bàbá náà kàn rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wa, àwa ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ gbòǹgbò yẹn, bàbá mi wálé, ó ní kò sí alààyè tó mọ ibẹ̀. Kì í ṣe ti ilẹ̀ ló ń dùn wá. Ilẹ̀, ẹ ti gbà á. Àmọ́ bàbá mi ti di olè lójú gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wò ó, wọ́n ní, 'Bàbá, ṣé bàbá bàbá wa ni oníkùn yìí?'" Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "A jọ gbé àárín ara wa láti ìgbà yẹn, ẹ ò bú wa, a ò bú yín. Ta ló gbé wa lọ síbẹ̀? Kí onítọ̀hún dìde, kó bẹ̀ wá. Ó tán."

Àbúrò mi ń wo ojú omi. Ọkọ̀ kan ń kọjá lọ níbẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé òun ló fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀ ò mọ̀ pé òun ló ń kọ eré; wọ́n kàn mọ̀ pé olùkọ́ yunifásítì ni. Màámi wò ó, ó wá wò mí.

"Tíṣà ni," ó ní. "Ó sọ ọ́ fún àwọn onítẹlifíṣọ̀n. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀."

Wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Tíṣà! Ṣé èyí tó sọ̀rọ̀ níbi òkú bàbá àgbà, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín sin ín?" Mo wo ojú àbúrò mi. Kò yí i sí mi. Mo wo ti Màámi, mo rí i pé ó ń bẹ̀ mí, kò sì fẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń bẹ̀ mí.

"Èmi ni," mo ní.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bàbá náà fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n dìde, ó ti tán. Wọ́n ní kí n dá wọn lẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n tó lọ, mo sì dá wọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n di ẹja fún wa.

Nígbà tí a ń padà, a ti jáde sí títì márosẹ̀ kí Màámi tó lanu.

"Má bínú. Tí mo bá ní àbúrò rẹ ni, ojú tí wọ́n á fi máa wò ó á yí padà. Ìwọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bà ọ́ jẹ́ ju bó ṣe wà."

Mo ní mo gbọ́. Àbúrò mi na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá mi léjìká jẹ́jẹ́. Mo ń wo iwájú.

A ti kọjá Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí Màámi ní oorun ń kun òun, kí n sọ ìtàn kan fún àwọn. Mo ní mo ń wakọ̀.

"Ọmọ mi, sọ ọ̀kan, ìwọ," ó wí fún àbúrò mi.

Ó sọ ọ̀kan. Kí n má purọ́, ó dùn. Màámi rẹ́rìn-ín títí a fi wọ ìlú Òrù.